ÌDÍLÉ WA: Ṣé Kí Ọmọ Onígbàgbọ́ Máa Ka Ìtàn Abanilẹ́rù?

   

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí ti wá. Ìyá kan nínú ìjọ wa ní Òkè-Ìlewó níbí ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kì í tètè sùn mọ́. Bí ilé bá ti dákẹ́, ọmọ náà á fi aṣọ borí, á máa ka ìtàn iwin àti òkú lórí fóònù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, á sáré lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, á ní òun kò lè dá sùn. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá bi wá léèrè pé ṣé kí òun pa gbogbo ìtàn náà rẹ́ ni, àbí kí òun fi ọmọ sílẹ̀.

A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò kò gbọdọ̀ sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. A gba orúkọ àwọn ìtàn náà lọ́wọ́ ọmọ, a sì jókòó kà wọ́n fúnra wa. Ìgbà àkọ́kọ́ wa nìyí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìwé ìtumọ̀ Bíbélì, ìtàn ìjọ àti ìwé ìwàásù ni ó kún orí tábìlì wa. Ìtàn iwin òyìnbó kò sí lára ẹ̀kọ́ tí a wá kọ́. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ jíyìn rẹ̀ fún yín.

ÀWỌN WO NI Ó KỌ WỌ́N?

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìtàn náà jáde láàárín 1900 sí 1930. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ilé àlùfáà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ wọ́n ti jáde. M. R. James, tí a bí ní 1862, jẹ́ ọmọ àlùfáà ìjọ kan ní abúlé ní Suffolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó di olórí King's College ní Cambridge, lẹ́yìn náà ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ Eton títí ó fi kú ní 1936. Àwọn tí ó bá kọ́ ìtàn Májẹ̀mú Tuntun yóò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni ó túmọ̀ àwọn ìwé tí ìjọ àtijọ́ kò kà mọ́ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, The Apocryphal New Testament. Ọkùnrin kan náà ni ó kọ Ghost Stories of an Antiquary ní 1904. E. F. Benson pẹ̀lú kọ ìtàn iwin lọ́pọ̀lọpọ̀. Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury ni bàbá rẹ̀, láti 1883 sí 1896. Arthur Machen, ọmọ Wales, ọmọ àlùfáà ni òun náà.

Kì í ṣe pé a ń sọ pé ìtàn náà di mímọ́ nítorí pé ọmọ àlùfáà kọ ọ́. Àwọn ọmọ Élì pẹ̀lú ilé àlùfáà ni wọ́n ti jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe ara nìkan. Ó hàn nínú iṣẹ́ wọn.

Ohun kejì tí a rí kọ́ nípa James ni pé kò kọ ìtàn rẹ̀ kí ẹnì kan máa dá a kà lábẹ́ aṣọ. Ní àsìkò Kérésìmesì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á péjọ sí yàrá rẹ̀ ní King's College, á tan àbẹ́là, á sì ka ìtàn tuntun sí wọn létí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

ỌWỌ́ Ọ̀BỌ

Ìtàn tí a kọ́kọ́ kà ni The Monkey's Paw, tí W. W. Jacobs kọ, tí ó jáde ní 1902. Jacobs kì í ṣe ọmọ àlùfáà. Etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìtàn ẹ̀rín nípa àwọn awakọ̀ ojú omi ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Ìtàn náà kò gùn. Ẹni tí ó bá jẹun alẹ́ tán lè kà á parí kí ó tó sùn, bí ó bá lè sùn.

Bàbá, ìyá àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn, Herbert, ń gbé nínú ilé tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ tán. Ní alẹ́ òjò kan, ológun kan tí ó ti Íńdíà dé wá kí wọn. Ó mú ọwọ́ ọ̀bọ gbígbẹ kan jáde. Ó ní arúgbó kan lọ́hùn-ún ti fi oògùn sí i, pé ẹni mẹ́ta lè béèrè ohun mẹ́ta mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ ni ín, ikú ni ó fi ìbéèrè kẹta tọrọ. Ológun náà ju ọwọ́ ọ̀bọ sínú iná; bàbá sáré yọ ọ́.

Kí ni bàbá béèrè? £200 péré, láti fi parí owó ilé. Kò béèrè ààfin, kò béèrè ikú ọ̀tá. Ní ọjọ́ kejì, Herbert lọ síbi iṣẹ́, kò padà wálé mọ́. Ẹ̀rọ ni ó mú un. Ọkùnrin kan tí ilé-iṣẹ́ rán wá ní ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ tí ọmọ wọn ti ṣe, wọ́n fẹ́ fún wọn ní owó díẹ̀. Èló? £200 gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá kò lè gba ìpẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun mú ọwọ́ ọ̀bọ, kí ó béèrè pé kí ọmọ wọn jí. Bàbá béèrè tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Nígbà tó yá, lóru, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá sáré láti ṣí i. Bàbá, tí ó mọ bí ẹ̀rọ ti ṣe ara ọmọ náà, ń fọwọ́ táràrà nílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń wá ọwọ́ ọ̀bọ. Ó rí i, ó béèrè ẹ̀ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìyá ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Ẹ kíyè sí i pé a kò fi ojú rí iwin kankan nínú ìtàn yìí. Ohun tí ó dẹ́rù bà wá ni pé ẹ̀bẹ̀ bàbá náà kò burú létí. Ta ni nínú wa tí kò ní gbèsè kan tí ó ń wá owó fún? A ka ìtàn náà fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní ìpàdé wọn. Nígbà tí a dé ibi tí a ti dárúkọ £200 lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò kí a ṣàlàyé fún òun.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, àwọn ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan láti fi ṣe oògùn owó. Ìròyìn ní ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí Facebook ni òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo Nàìjíríà. Ìlú tí ìyìn rere ti dé ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, láti ìgbà Freeman ní 1842 àti Townsend ní 1843, ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá fi ohun méjèèjì wé ara wọn. Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń gbé sórí fóònù fún àwọn ọmọ wa ń sọ bí a ti ń ṣe é, ó sì fi iye tí yóò ná ènìyàn pamọ́. Ìtàn Jacobs kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń ṣe nǹkan kan. Iye tí ó ń náni ni ó fi hàn, ó kà á sílẹ̀ pọ́n-ùn lé pọ́n-ùn. Bí ọmọ kan bá ka èkejì dáadáa kí ó tó bá èkíní pàdé, a rò pé a ti fi nǹkan sí i lára.

FÈRÈ ÒRU ÀTI ÌWÉ ÈGÚN

Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí ọmọdé súfèé lálẹ́. Wọ́n á ní ejò yóò wọlé, tàbí ohun tí ó ju ejò lọ. Ẹ fojú inú wo bí ara wa ti rí nígbà tí a ka ìtàn James kan nínú ìwé 1904 náà, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Parkins, ti hú fèrè idẹ kan nínú àwókù ilé ìsìn àtijọ́ létí òkun, tí ó sì fọn ọ́ lóru. Parkins kò gba iwin gbọ́, ó sì ń fọ́nnu lé e. Ibùsùn méjì ni ó wà nínú yàrá tí ó wọ̀ sí. Ní òru, aṣọ ìtẹ́bùsùn kejì dìde, ó ń táràrà bí afọ́jú, ó ń wá a kiri. Ọ̀gágun àgbà kan tí ó wọ̀ sí ilé náà ni ó já wọlé gbà á. Parkins ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kọ́ ni ó gbà á sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí ó wà nítòsí ni.

Ìtàn James mìíràn tí ó fún wa ní iṣẹ́ ni Casting the Runes, tí ó jáde ní 1911. Ọkùnrin burúkú kan, Karswell, máa ń yọ́ fi ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó kọ èpè sí fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá gbà á láìmọ̀ yóò kú ní ọjọ́ tí ó dá, àfi bí ó bá rí i dá padà, tí Karswell sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Dunning, tí a fi ìwé náà fún, rí ọ̀nà fi í sínú àpò tíkẹ́ẹ̀tì Karswell nínú ọkọ̀ ojú irin. Karswell gbà á, ó sọdá sí ilẹ̀ Faransé, òkúta já lu ú lára ilé ìsìn kan tí wọ́n ń tún ṣe, ó kú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa: inú àwọn ọ̀dọ́ wa dùn sí ibi yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ àdúrà náà, "padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán ọ". Ṣùgbọ́n James kò jẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ pẹ́. Nígbà tí wọ́n ti dá ìwé náà padà tán, ọkàn Dunning kò balẹ̀: ó tọ́ bí kí a rán ènìyàn lọ sí ikú rẹ̀? Kò ha yẹ kí a kìlọ̀ fún un? A béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa pé ta ni nínú wọn tí ó ti da irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rò lẹ́yìn àdúrà òru. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. A wá ṣí Róòmù 12, láti ẹsẹ 17 dé òpin, a kà á, a sì jíròrò lé e lórí fún wákàtí kan gbáko. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wàásù lórí orí Bíbélì yẹn. A kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

TIWA KÒ KERÉ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń kọ irú ìtàn yìí. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìwé D. O. Fágúnwà, tíṣà ọmọ Òkè-Igbó. Àgbákò wà níbẹ̀, abàmì tí ojú mẹ́rìndínlógún wà ní orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni kò fẹ́ jáde lóru lẹ́yìn tí wọ́n ka ibẹ̀ tán. Síbẹ̀ ìjọ kò ṣe àìtẹ̀ ẹ́, àwọn tíṣà ìjọ kò sì ṣe àìkọ́ni. Wọ́n rí i pé Fágúnwà kì í jẹ́ kí ẹ̀rù lọ lófo. Bí ó bá dẹ́rù bà ọ́ tán, yóò mú ọ jókòó, yóò gbà ọ́ níyànjú.

Láàárín àwa Ẹ̀gbá, Amos Tutùọlá ni tiwa, tí a bí ní 1920, tí ó kú ní 1997. Ilé-ẹ̀kọ́ Salvation Army ní Abẹ́òkúta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Kò ní àǹfààní láti kàwé jìnnà. Ní 1952 ni àwọn Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard rẹ̀. Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọbìnrin tí ó ti tó ilé ọkọ gbọ́. Omidan kan kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ fi hàn án. Ó rí arẹwà ọkùnrin kan ní ọjà, kò béèrè ilé, kò béèrè ìdílé, ó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara tí ó háyà padà fún àwọn tí ó ni ín: ẹsẹ̀, ọwọ́, àyà, awọ. Ó ń san owó wọn bí ó ti ń lọ. Agbárí nìkan ni ó kù, agbárí náà sì ni ọkọ. Omidan fẹ́ sá, kò rí àyè.

Àwọn ìyá àgbà ti ń pa irú ààlọ́ yìí kí Tutùọlá tó kọ ọ́. Láti ìgbà tí a ti ń gba àwọn àfẹ́sọ́nà ní ìmọ̀ràn, a kò tíì rí àpèjúwe tí ó yé wọn jù ú lọ. Ẹ bi wọ́n pé: nínú ohun tí o rí lára ẹni tí o fẹ́ fẹ́, èwo ni tirẹ̀, èwo ni ó háyà?

Ohun kan tún pa wá lẹ́rìn-ín nínú My Life in the Bush of Ghosts, ìwé rẹ̀ ti 1954. Nínú igbó iwin gan-an, ọmọ náà bá ìbátan rẹ̀ kan tí ó ti kú pàdé, tí ó ti dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ láàárín àwọn iwin! Ẹni tí ó kọ irú èyí kò fi iwin ṣe ọba.

ÌWÉ TÍ WỌ́N SUN NÍ ÉFÉSÙ

Ẹnì kan yóò sọ pé, "Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe pé wọ́n sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Ìṣe 19?" Ẹ jẹ́ kí a kà á dáadáa. Ìwé tí wọ́n sun ní Éfésù, tí iye rẹ̀ tó 50,000 owó fàdákà, jẹ́ ìwé àwọn tí ń ṣe idán, ìwé tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé oògùn ni. Kì í ṣe ìwé ààlọ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó dárúkọ òkú àti ẹ̀mí ni kí a sun ni, kí ni a ó ṣe sí 1 Sámúẹ́lì 28, níbi tí Sọ́ọ̀lù ti lọ bá obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ ní Éńdórì lóru? Kí ni a ó ṣe sí Jóòbù 4, níbi tí ẹ̀mí kan ti kọjá níwájú Élífásì tí irun ara rẹ̀ fi dìde? Ọlọ́run fi ìtàn wọ̀nyí sínú Ìwé Mímọ́, kò sì bẹ̀ wá kí a má bẹ̀rù nígbà tí a bá ń kà wọ́n.

Nínú ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará wa, èyí tí ó ń já wa láyà gan-an ni àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí ó kún ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, tí irú wọn ti di fídíò báyìí. Ìtàn ìlú abẹ́ omi, ìtàn àjẹ́ inú ilé, tí a pè ní ẹ̀rí, tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò. James sọ fún ọ pé ìtàn ni òun ń pa. Bí o bá pa ìwé dé, o padà sí ilé rẹ. Ẹni tí ó bá pe àròsọ ní ẹ̀rí kì í jẹ́ kí o padà sílé. Á bá ọ dé ibùsùn, á ní kí o máa wo ìyá ọkọ rẹ tìfuratìfura, á ní kí o máa wo ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ bí ẹni ń wo àjẹ́. A ti rí ìdílé tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ tú ká. A kò tíì rí ìdílé tí ọwọ́ ọ̀bọ tú ká.

BÍ A Ó TI MÁA KÀ Á NÍLÉ

Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn wa nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín. Àwọn ìtàn Jacobs àti James ti àtijọ́ wọ̀nyí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò ní ìṣekúṣe nínú bí ọ̀pọ̀ fíìmù òde òní. Ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn abanilẹ́rù kọ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀: èyí tí kò ní ju ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò lọ, ẹ gbà á kúrò lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

2. Ẹ wo ọjọ́ orí àti ìwà ọmọ. Ọmọ tí ó ń lálàá burúkú, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Ìtàn ìyá tí ó ń fẹ́ kí òkú ọmọ jí kò yẹ ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

3. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá a kà lóru. Èyí ni ìdí tí a fi sọ nípa Kérésìmesì James. Àwọn bàbá wa mọ èyí ṣáájú rẹ̀: ìta gbangba, lábẹ́ òṣùpá, ni a ti ń pa ààlọ́, gbogbo agboolé ló sì ń gbè é. Ẹ̀rù tí ènìyàn mẹ́fà jọ bà á di ẹ̀rín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rù tí ọmọ kan dá gbé sábẹ́ aṣọ, á dàgbà níbẹ̀.

4. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ẹni inú ìtàn yìí fẹ́? Kí ni ó ná an? Ta ni ó yẹ kí ó ti bá sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣe é? Ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn kí ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀.

5. Ẹ jọ gbàdúrà kí ẹ tó sùn, kí àdúrà náà kúrú. Ẹ má fi àdúrà dá ẹ̀rù mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí Jésù lórí omi, tí wọ́n rò pé iwin ni, kò bá wọn wí nítorí igbe wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tí wọ́n mọ̀.

Ohun tí a sọ fún ìyá náà nìyí. Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ wa yóò gbọ́ nípa òkùnkùn, yálà a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni láti pinnu ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ. Bí bàbá àti ìyá kò bá rí àyè, ẹni tí ó wà lórí Facebook kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ó ní àyè púpọ̀.

Kí Olúwa fi àlàáfíà sí gbogbo ilé wa, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní oorun dídùn. Àmín. Ó dìgbà o.